Àwọn ará ìta fẹ́ bá wa kọ kóòdù: ìbéèrè àti ìdáhùn fún alábòójútó iṣẹ́ open source

Ẹ̀yin tí ẹ gbé kóòdù sọ́fítíwíà yín sí gbangba (èyí là ń pè ní open source), tí àwọn tí ẹ kò mọ̀ rí ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Àwọn ìbéèrè tí àwọn alábòójútó tuntun máa ń béèrè ni mo kó jọ síbí. Èrò kan ló wà nídìí gbogbo ìdáhùn náà: ọjọ́ tí ẹ bá ti gba kóòdù ẹlòmíì wọlé, ẹrù rẹ̀ ti di tiyín. Olùkópa lè lọ kó má padà wá mọ́, ẹ̀yin lẹ máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́.

Ta là ń pè ní ará ìta?

Ẹnikẹ́ni tí kò ní àṣẹ láti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sínú ibi tí kóòdù yín wà. Ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá ní Jámánì, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ẹ kò ní mọ orúkọ rẹ̀ gan-an láéláé. Lórí GitHub, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé kóòdù sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á ṣe ẹ̀dà kóòdù yín fún ara rẹ̀, á ṣe àtúnṣe sínú ẹ̀dà náà, á wá fi pull request ránṣẹ́ pé kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe Linux kernel, ọkàn ètò Linux, ímeèlì ni wọ́n ṣì fi ń gba patch (àtúnṣe kóòdù), fáìlì kan tó ń jẹ́ MAINTAINERS ló sì ń sọ ẹni tó yẹ kí patch kọ̀ọ̀kan lọ bá.

Ṣé dandan ni kí n gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn?

Rárá o. Láísẹ́ǹsì open source fún àwọn èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti lo kóòdù yín, láti tún un ṣe àti láti pín in fún ẹlòmíì. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó ti sọ pé àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe gbọ́dọ̀ wọ inú tiyín.

Ẹ wo SQLite, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú dátà, tí D. Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, tó ti wà nínú fóònù kálẹ̀ báyìí. Wọ́n kọ ọ́ sí gbangba pé open source ni iṣẹ́ àwọn, ṣùgbọ́n àwọn kì í ṣàdédé gba kóòdù lọ́wọ́ ará ìta. Ìdí wọn ṣe kedere: wọ́n ti yọ ọwọ́ oní-nǹkan kúrò lórí kóòdù náà pátápátá kí gbogbo ayé lè lò ó bó ṣe wù wọ́n, wọn ò sì fẹ́ kí ẹni tí kò fọwọ́ síwèé wá kó ohun tí ẹnìkan ṣì ní ẹ̀tọ́ lé lórí wọ inú rẹ̀.

Ohun tí mo kórìíra ni kí èèyàn má gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì, kó má sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan á fi òpin ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kọ kóòdù, á fi ránṣẹ́, á máa retí èsì tí kò ní í dé. Tẹ́ ò bá gbà, ẹ kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ README yín, fáìlì tí èèyàn máa ń kọ́kọ́ kà. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín.

Kí ló yẹ kó wà nínú fáìlì CONTRIBUTING?

Ohun tí àjèjì nílò kó má bàa ṣiṣẹ́ lásán. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn fáìlì yìí ni pé GitHub fúnra rẹ̀ máa ń fi hàn ẹni tó bá fẹ́ ṣí issue (àkọsílẹ̀ ìṣòro tàbí àbá) tàbí pull request. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lọ da ti iṣẹ́ ńlá kan kọ, ojú ewé mẹ́wàá tó kún fún òfin tí àwa fúnra wa kì í tẹ̀ lé. Ẹni tó kà á kò ní mọ ohun tí ẹ fẹ́.

Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tó kúrú báyìí ti tó fún iṣẹ́ tí èèyàn méjì ń bójú tó:

"Ẹ kú iṣẹ́. A ń gba àtúnṣe bug nígbàkígbà. Tó bá jẹ́ ohun tuntun lẹ fẹ́ fi kún un, ẹ kọ́kọ́ ṣí issue ká jọ sọ̀rọ̀. A kì í gba àtúnṣe tó kàn ń yí bí a ṣe to kóòdù padà. Àṣẹ tí ẹ máa fi ṣe ìdánwò ni `make test`. Ó gbọ́dọ̀ yege kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Àwa méjì là ń ṣe iṣẹ́ yìí, òpin ọ̀sẹ̀ la sì máa ń ráyè. Tí ẹ kò bá gbọ́ wa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rán wa létí, inú ò ní bí wa."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé pé kó má yọ àgbà lẹ́nu kò ní rán yín létí àfi tí ẹ bá fún un láṣẹ. Á rò pé ẹ ti kọ iṣẹ́ òun, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ tún sọ bí ohun tí wọ́n máa wà jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe tóbi tó. Ẹni tó ń ra data ní gígà kan-kan ní Òṣogbo tàbí Kútọnu yẹ kó mọ̀ ṣáájú pé ìtàn kóòdù yín àti irinṣẹ́ tó ń lò lè jẹ gígà mẹ́ta. Ẹ kọ `git clone --depth 1` síbẹ̀ fún un. Àṣẹ yẹn á mú kóòdù tòní nìkan wá, á fi gbogbo ìtàn ẹ̀yìn sílẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n bá wa sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ kóòdù?

Nígbà tí àtúnṣe náà bá máa yí ohun tí àwọn tó ń lo sọ́fítíwíà yín ń rí padà, tàbí tó bá máa gùn ju ohun tí ẹ lè kà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Àwọn iṣẹ́ ńlá sọ ọ́ di ìlànà: Python ní PEP, Rust ní RFC, ìwé àbá tí gbogbo èèyàn máa jọ yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kóòdù kan. Iṣẹ́ yín kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Issue oníparagiráàfù méjì ti tó.

Pull request wọlé. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ fẹ́ ohun tó ń ṣe rárá. Ọ̀pọ̀ alábòójútó máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí àlàfo àti orúkọ ohun inú kóòdù: "ẹ yí èyí padà, ẹ yí tọ̀hún padà." Olùkópa á ṣe gbogbo rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta ni wọ́n á tó wá sọ fún un pé, ká sòótọ́, àwọn ò nílò ohun náà. Ìyẹn kò dáa, ìwà àìnáání lákòókò ẹlòmíì ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ wò ó bóyá ibi tó gbé e gbà tọ́. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo ìdánwò àti ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ àlàfo àti kọ́mà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ bá a sọ ọ́. Irinṣẹ́ tó ń to kóòdù wà fún gbogbo èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò dáadáa. Ẹni tí ẹ̀rọ bá tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kì í gbà á sí ìwọ̀sí.

Tí àtúnṣe bá gùn jù, ẹ má fi ojú tó ti rẹ̀ kà á. Ẹ ní kó pín in sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ohun kan ṣoṣo. Àwọn ti Linux kernel kì í gba èyí tó da ohun mẹ́ta pọ̀ sínú patch kan, bó ti wù kó dáa tó, torí pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá ibi tí bug ti wọlé, patch kékeré ló ń jẹ́ kí wọ́n tètè rí i.

Báwo ni mo ṣe máa sọ fún ẹni tó ti ṣe wàhálà pé mi ò gbà á?

Kíá, ní gbangba, pẹ̀lú ìdí. Nínú gbogbo iṣẹ́ alábòójútó, ibí yìí ni ojú ti máa ń tì wá jù. A ò fẹ́ dójú ti èèyàn, la bá dákẹ́. Pull request náà á wà ní ṣíṣí fún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó bá yá, kóòdù yòókù á ti yí padà lábẹ́ rẹ̀, kò ní ṣeé dà pọ̀ mọ́, olùkópa náà á sì ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé a kọ òun, kìkì pé kò sẹ́ni tó bọ̀wọ̀ fún òun débi tó máa sọ ọ́.

Tí ìjákulẹ̀ bá tètè dé, á dun ẹni náà díẹ̀, á sì gbé àkókò rẹ̀ lọ síbi tó ti wúlò. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, nítorí náà ẹ wo bí ẹ ṣe máa gbé e kalẹ̀:

"Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kà á tán, mo sì gbìyànjú ẹ̀ lórí ẹ̀rọ mi, ó ń ṣiṣẹ́. A ò ní lè gbà á wọlé. A ti pinnu pé iṣẹ́ yìí ò ní máa fi ìwé ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, torí pé àwa méjì ò lè máa tọ́jú ohun tó ń bá sẹ́fà ímeèlì ọgọ́rùn-ún sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí ohun tó dá dúró, a máa fi ìlà kan tọ́ka sí i nínú README wa."

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí "bóyá" níbẹ̀, kò sí "ẹ jẹ́ ká máa wò ó". Ó gbóríyìn fún ohun tó yẹ kó gbóríyìn fún, ó sọ ìpinnu, ó sọ ìdí, ó sì fi ọ̀nà míì hàn. Ẹ wá ti pull request náà pa lọ́jọ́ náà gan-an.

Tí ẹ bá rí i pé ẹ fẹ́ gba kóòdù kan kìkì nítorí àánú ẹni tó kọ ọ́, ẹ dúró. Àánú yẹn á tán, kóòdù náà kò ní tán. Ẹ bi ara yín pé: tí ẹni yìí bá lọ lọ́la, ṣé mo máa lè tún èyí ṣe fúnra mi? Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má gbà á.

Iṣẹ́ ti pọ̀ jù, mi ò ráyè dáhùn. Ṣé kí n jẹ́ kí róbọ́ọ̀tì máa ti àwọn issue tó ti pẹ́ pa?

Èmi kò fọwọ́ sí i fún issue tó sọ bug tòótọ́. Bug náà kò lọ síbì kankan torí pé oṣù méjì ti kọjá. Ẹ kúkú kọ èsì kan: "Mo ti rí i. Ìparí oṣù ni mo máa ráyè." Ìlà kan yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá.

Ta ló ni kóòdù tí ará ìta kọ?

Ẹni tó kọ ọ́, àfi tó bá fọwọ́ síwèé pé òun ti gbé e fún ẹlòmíì, tàbí tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ ló ni ín. Ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí. Àdéhùn iṣẹ́ míì sọ pé gbogbo kóòdù tí òṣìṣẹ́ bá kọ jẹ́ ti iléeṣẹ́, kódà èyí tó kọ lóru nílé rẹ̀. Olùkópa yín lè fi tọkàntọkàn fún yín ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà bójú tó o. Ọ̀kan ni DCO (Developer Certificate of Origin). Ní 2003, iléeṣẹ́ SCO gbé IBM lọ sílé ẹjọ́, ó ní kóòdù òun ti wọ inú Linux. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ti kernel fi ìlànà DCO yìí lélẹ̀: kí ẹni tó bá fi patch ránṣẹ́ kọ ìlà kan sísàlẹ̀ rẹ̀, `Signed-off-by`, pẹ̀lú orúkọ àti ímeèlì rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́rìí sí ni pé òun ní ẹ̀tọ́ láti fi kóòdù náà sílẹ̀ lábẹ́ láísẹ́ǹsì iṣẹ́ náà. Kò ju kó lo `git commit -s` lọ.

Èkejì ni CLA, ìwé àdéhùn tí olùkópa máa fọwọ́ sí kí wọ́n tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Apache Software Foundation ń lò ó, Google náà ń lò ó. CLA lè fún ẹni tó ni iṣẹ́ náà ní agbára púpọ̀, ẹ sì kà á dáadáa kí ẹ tó fi èèyàn sábẹ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2023, iléeṣẹ́ HashiCorp yí láísẹ́ǹsì Terraform, sọ́fítíwíà rẹ̀ kan, padà kúrò ní open source. CLA tí àwọn olùkópa ti fọwọ́ sí ló jẹ́ kó rọrùn. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n sì ṣe ẹ̀dà tiwọn, èyí tó ń jẹ́ OpenTofu báyìí. Lódìkejì, àwọn VideoLAN tó ṣe VLC kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yí láísẹ́ǹsì libVLC padà láti GPL sí LGPL ní 2011, ńṣe ni wọ́n ní láti wá àwọn tó kọ kóòdù náà kiri, kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda lẹ́nu wọn.

Tí iṣẹ́ yín bá kéré, tí ẹ kò sì ní in lọ́kàn láti tà á, DCO ni kí ẹ lò. GitLab gan-an fi CLA sílẹ̀ lọ sí DCO ní 2017, torí pé ìwé òfin ń lé olùkópa sá.

Ìgbà wo ni mo lè fún olùkópa ní àṣẹ láti máa kọ tààrà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn xz fún yín dáadáa, torí kò sí alábòójútó tí kò yẹ kó mọ̀ ọ́n.

xz jẹ́ irinṣẹ́ tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré. Ó wà lórí ọ̀kẹ́ àìmọye ẹ̀rọ Linux, Lasse Collin nìkan ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní 2021, ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Jia Tan bẹ̀rẹ̀ sí í fi patch ránṣẹ́. Patch gidi ni wọ́n. Ní 2022, àwọn míì tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Collin lẹ́nu: iṣẹ́ ń falẹ̀, kí ló dé tí kò gba ẹlòmíì mọ́ra? Ó dá wọn lóhùn pé ara òun kò fi bẹ́ẹ̀ yá, pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí òun ń fi ìfẹ́ ṣe ni. Díẹ̀díẹ̀, Jia Tan di alábòójútó kejì, ó sì gba àṣẹ láti máa gbé ẹ̀dà tuntun jáde.

Ní oṣù kejì 2024, ẹ̀dà 5.6.0 jáde, 5.6.1 tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta. Ọ̀nà ẹ̀bùrú wà nínú méjèèjì, tí ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè gbà wọ ẹ̀rọ onílẹ̀ láti ibi tí SSH, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè, ń gbà. Ibi tó fi í pa mọ́ sí ni kí ẹ wò dáadáa. Kóòdù búburú náà wà nínú fáìlì tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, fáìlì tí ojú èèyàn kò lè kà. Ohun tó ń jí i dìde kò sì sí nínú Git, ibi tí ìtàn kóòdù wà, rárá. Inú àpò kóòdù tí wọ́n gbé jáde fún àwọn tó ń pín in nìkan ló wà. Ẹni tó bá ka gbogbo commit (àkọsílẹ̀ àtúnṣe kọ̀ọ̀kan) láti òkè délẹ̀ kò ní rí i.

Andres Freund, tó ń bá wọn kọ sọ́fítíwíà PostgreSQL, ló rí i. Ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé pẹ̀lú SSH ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ó sì tọ pinpin rẹ̀. Ó kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2024, kí ẹ̀dà náà tó dé orí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ táwọn èèyàn fi ń ṣiṣẹ́ gidi.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni láṣẹ nítorí pé àwọn èèyàn ń kán yín lójú. Kánjúkánjú láti ẹnu àwọn tí kò tíì kọ ìlà kan rí jẹ́ àmì tó yẹ kó mú yín fura. Àṣẹ láti yẹ issue wò yàtọ̀ sí àṣẹ láti merge (láti da kóòdù pọ̀ mọ́ tiyín), èyí náà sì yàtọ̀ sí àṣẹ láti gbé ẹ̀dà jáde. Ẹ fún un ní àkọ́kọ́, kó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kọ́ ẹ̀dà jáde látinú Git ní gbangba, kó má jẹ́ látorí kọ̀ǹpútà ẹnìkan. Bí fáìlì tí ojú kò lè kà bá wọlé, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é, kí ẹ sì tún un ṣe fúnra yín. Àti jù lọ, ẹ má dá wà. Ohun tí ọ̀tá náà rí ni ọkùnrin kan ṣoṣo tó ti rẹ̀.

Tó bá wá láti yunifásítì tàbí iléeṣẹ́ olókìkí, ṣé kí n fọkàn tán an?

Ẹ ka kóòdù náà bí ẹ ṣe máa ka ti ẹlòmíì. Ní oṣù kẹrin 2021, Greg Kroah-Hartman, ọ̀kan lára àwọn alábòójútó Linux kernel, dá patch tó ń wá láti University of Minnesota dúró níbẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn olùwádìí yunifásítì náà ti mọ̀ọ́mọ̀ fi patch tó ní àléébù ránṣẹ́ kí wọ́n lè wò ó bóyá àwọn alábòójútó máa rí i.

Ṣé pull request nìkan lè ṣe mí ní jàǹbá kí n tó gbà á?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ìdánwò yín bá ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kóòdù àjèjì lẹ ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ẹ ń lò. Àwọn olè ti fi irú àyè bẹ́ẹ̀ wa owó kírípítò tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí GitHub fi sọ ọ́ di òfin ní oṣù kẹrin 2021 pé kí alábòójútó fọwọ́ sí i kí Actions, irinṣẹ́ GitHub tó ń ṣe ìdánwò fúnra rẹ̀, tó ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń kópa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ ka ohun tó yí padà, pàápàá fáìlì inú `.github/workflows`, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì yẹn. Ẹ sì ṣọ́ra fún `pull_request_target` nínú fáìlì yẹn: ó lè rí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kọ́ kóòdù àjèjì láé.

Ní oṣù kẹwàá, àwọn kan ń fi àtúnṣe ọ̀rọ̀ kan-kan kún inú README. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ tì í pa láìsí àríyànjiyàn. Iléeṣẹ́ DigitalOcean ló bẹ̀rẹ̀ Hacktoberfest, ètò ọdọọdún nínú oṣù kẹwàá, ní 2014, nígbà náà wọ́n ń fún àwọn tó bá fi pull request mélòó kan ránṣẹ́ ní ẹ̀wù. Ní 2020 ó bo àwọn alábòójútó mọ́lẹ̀, títí wọ́n fi yí òfin padà nínú oṣù kẹwàá kan náà pé iṣẹ́ tó bá fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ kópa nìkan ni wọ́n máa kà. Tẹ́ ò bá fẹ́, ẹ má fi àmì wọn sórí iṣẹ́ yín. Àmọ́ ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Tí ẹ bá ní issue kékeré tó wúlò, ẹ lẹ `good first issue` mọ́ ọn, kí ẹ fi hàn wọ́n.

Mo fura pé ẹ̀rọ AI ló kọ èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́.

Ẹ bi ẹni náà ní ìbéèrè kan lórí rẹ̀: kí ló dé tó fi gba ibí yìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí àkójọ náà bá ṣófo? Ẹni tó yé máa dáhùn ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Tó bá tún jẹ́ ojú ewé mẹ́ta tó ń dán ló fi dá yín lóhùn, ẹ tì í pa.

Ìpinnu àwọn iṣẹ́ ńlá kò rí bákan náà. Gentoo fi òfin de kóòdù tí AI kọ ní oṣù kẹrin 2024, NetBSD tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni kóòdù wà lára ohun tó ń kọ wọ́n lóminú. Daniel Stenberg tó ń bójú tó curl sì ti ké gbàjarè nípa ìròyìn ààbò tí AI hun jọ, tí kò sí òótọ́ kankan níbẹ̀, tó sì ń jẹ wákàtí àwọn èèyàn rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá yàn, ẹ kọ ọ́ sínú CONTRIBUTING ṣáájú, kó má jẹ́ pé orí ẹnìkan lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ òfin.

Wọ́n fi ìtumọ̀ Yorùbá ránṣẹ́ fún sọ́fítíwíà mi. Ìlà méjì ni wọ́n ní àwọn yí padà, Git ní irinwó ni. Kí ló dé?

Àmì ohùn ni. Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú torí pé àwa ló kàn gan-an.

Ẹ wo lẹ́tà "ẹ́". Nínú Unicode, kò sí àmì kan ṣoṣo fún un. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ọ́ bí U+1EB9, èyí tó jẹ́ "ẹ", kó wá fi àmì òkè U+0301 lé e. Òmíràn lè kọ "é", U+00E9, kó fi àmì ìsàlẹ̀ U+0323 tẹ̀ lé e. Òmíràn lè pín in sí mẹ́ta. Lójú, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lójú Git, wọn kò jọra rárá. Olùkópa ṣí fáìlì nínú ètò ìkọ̀wé rẹ̀, ètò náà tún gbogbo lẹ́tà tò bó ṣe wù ú, ó sì fi pa mọ́. Irinwó ìlà dé. Ohun tó burú jù ni pé ẹni tó bá ń wá "ẹ̀kọ́" nínú sọ́fítíwíà yín lè máà rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀.

Ẹ yan NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ gbogbo wọn di ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo, ẹ kọ ọ́ sínú CONTRIBUTING, kí ẹ sì fi ìdánwò kan síbẹ̀ tó máa lo `unicodedata.normalize("NFC", s)` ti Python láti yẹ fáìlì ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan wò. Ohun kan wà tí NFC kò lè wò sàn: àwọn kan máa ń lo ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, U+0329, dípò àmì ìsàlẹ̀. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ nìyẹn lójú kọ̀ǹpútà. Ìdánwò yín ní láti wá òun náà, kó kígbe tó bá rí i.

Ní ti ìtumọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì tó gbọ́ Yorùbá dáadáa kó kà á. Ẹ má gba ìtumọ̀ èdè tí ẹ kò gbọ́ láìsí ẹlẹ́rìí kejì. Èébú lè wà nínú rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀.

Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ sí àwọn olùkópa yòókù bí ẹni ń bú ọmọ ọ̀dọ̀. Kóòdù rẹ̀ dára gan-an.

Ẹ kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan níkọ̀kọ̀. Tí kò bá gbọ́, ẹ yọ ọ́, bó ti wù kí kóòdù rẹ̀ dára tó, torí pé ẹ ò lè rí àwọn tó ti wò ó tí wọ́n sì yí padà lẹ́nu ọ̀nà. Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, fúnra rẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án 2018, tọrọ àforíjì fún bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí àwọn èèyàn, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Oṣù yẹn kan náà ni kernel gba òfin ìwà tó dá lórí Contributor Covenant.

Olùkópa kan ní tí mi ò bá gba àtúnṣe òun, òun máa fork (òun á ṣe ẹ̀dà tòun lọ́tọ̀).

Kó lọ ní àlàáfíà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ní ìparí 2014 àwọn kan fi Node.js sílẹ̀ láti ṣe io.js, ní 2015 méjèèjì tún dà pọ̀, iṣẹ́ náà sì jàǹfààní rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?

Ẹ fi orúkọ wọn sílẹ̀ lórí iṣẹ́ wọn. Tí ẹ bá ní láti tún kóòdù wọn kọ kó tó wọlé, ẹ fi `Co-authored-by` sísàlẹ̀ commit. Kí ẹ ti pull request ẹnìkan pa, kí ẹ wá kọ ohun kan náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e lórúkọ ara yín, olè jíjà ni. Orúkọ yẹn lè jẹ́ ohun tí ọmọ náà máa fi wá iṣẹ́.

Ó ti rẹ̀ mí. Ṣé mo lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀?

Ẹ lè fi í sílẹ̀, ẹ kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá ní òun fẹ́ ẹ. Ní 2018, ẹni tó ni event-stream, kóòdù kan lórí npm (ibi tí wọ́n ń pín kóòdù JavaScript), gbé e fún ẹnìkan tó fi ìwà pẹ̀lẹ́ tọrọ rẹ̀. Ẹni náà fi kóòdù tó ń jí bitcoin látinú àpò owó Copay sínú rẹ̀. Tí ẹ kò bá ní ẹni tí ẹ ti bá ṣiṣẹ́ pẹ́, ẹ kọ ọ́ sókè README pé iṣẹ́ ti dúró, ẹ dárúkọ ohun míì tí àwọn èèyàn lè lò, ẹ tẹ Archive nínú Settings lórí GitHub, kí ẹ sì fagi lé gbogbo token (kọ́kọ́rọ́ àṣẹ) tó lè gbé ẹ̀dà tuntun jáde.